Màámi Kò Jẹ Iyán Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo kí yín. Mi ò ní fi orúkọ mi síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nǹkan kan wà nínú mi tó ti di egbò. Mo ti gbé e pamọ́ títí débi pé bí ẹnikẹ́ni bá kí mi pé ṣé àlàáfíà ni, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Inú ń bí mi. Kí n tètè sọ ìyẹn. Inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ń bí mi sí àwọn ẹbí wa, ó ń bí mi sí àwọn oníná. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí mi sí jù ni èmi alára, òun gan-an ni mi ò sì rí bá jà.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni ohun tí Màámi sọ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo máa sọ ọ́ tí mo bá dé ibẹ̀. Tí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́, mi ò ní lè kọ ìyókù.

Olùkọ́ ni Màámi. Mùṣin ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí di òní ni gbogbo àdúgbò wa ní Sùúrùlérè sì ń pè wọ́n ní Màmá Tíṣà. Nígbà tí a wà ní kékeré, Màámi lè gbójú fo abọ́ tí a fọ́. Wọ́n lè gbójú fo ìdánwò tí a kò yege. Ṣùgbọ́n tí o bá purọ́, o gbé. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa wí bí wọ́n ṣe ń nà wá, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣúgà, oògùn oníhóró ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó yá, dókítà ní ó ti di abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì ni, irú èyí tó rí bíi pẹ́ẹ̀nì ìkọ̀wé, tí èèyàn á máa fi gún ara rẹ̀ nínú ilé lójoojúmọ́ ayé.

Ìbàdàn ni mò ń gbé nígbà náà, mo sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, wà ní ìlú òyìnbó. Àwa méjèèjì náà ni Màámi bí. Ta ló máa padà sílé? Ẹ ò nílò kí n sọ fún yín. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo kó ẹrù mi wá sí Sùúrùlérè. Bọ̀dá ní òun á máa fi oògùn ránṣẹ́, kí èmi máa mójú tó Màmá. Bó ṣe pín in nìyẹn, ó sì ní a pín in dọ́gba.

Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi níhìn-ín, mi ò fi ọ̀wọ̀ sí i. Tí a bá jọ ń sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ nínú ìwé yìí.

Màámi kọ́ abẹ́rẹ́ gígún bí ẹni tó fẹ́ jókòó ṣèdánwò. Nọ́ọ̀sì ní kí a fọwọ́, kí a fi ẹnu abẹ́rẹ́ tuntun sí pẹ́ẹ̀nì náà, kí a kọ́kọ́ tú díẹ̀ dànù kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Kí a fi ìka fún awọ ikùn jọ, kí a gún un, kí a tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí a má sì sáré yọ ọ́. Bí òní bá jẹ́ apá ọ̀tún ìdodo, kí ọ̀la jẹ́ apá òsì. Ẹnu abẹ́rẹ́ tí a ti lò, inú agolo mílíìkì kan tó ní ìdérí ni Màámi ní kí n máa kó o sí, kí ó má baà gún àwọn akólẹ̀.

Wọn ò gbà kí n gún wọn. "Ara mi ni, èmi ni n ó gún un." Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò lè rí nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó wà lára pẹ́ẹ̀nì. Torí náà, èmi ni mò ń yí i. Á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Màá ka nọ́ńbà náà sókè, Màámi á dáhùn pé, "Ó péye," bíi pé ọmọ kíláàsì wọn ni mí. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á gún ara wọn. Ohun tí mo bá ti fún wọn ni wọ́n ń gún. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nọ́ọ̀sì náà kìlọ̀ fún mi pé pẹ́ẹ̀nì tí a kò tíì lò gbọ́dọ̀ máa wà nínú fíríìjì, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dì. Ó ní tó bá fi lè dì bíi yìnyín, oògùn inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kí a dà á nù. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Fíríìjì tiwa ti jóná lọ́jọ́ kan tí iná kàn ṣàdédé dé pẹ̀lú agbára. Ìyá Rìsí, tó ń ta píọ̀ wọ́tà àti mínírà nísàlẹ̀ ilé wa, ló ní kí a máa gbé oògùn Màmá Tíṣà sọ́dọ̀ òun. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Fíríìjì onígíláàsì tó ń kó mínírà sí ni a ń gbé e sí, ní pẹpẹ òkè. Fírísà ńlá tó ń kó píọ̀ wọ́tà sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kan nígbà ooru, mo lọ sí Yábàá lọ gba oògùn tí Bọ̀dá fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni Bọ̀dá pè mí. Kò kí mi. "Ṣé o ti gbà á? Ṣé o ò tíì gbàgbé ẹ̀ síbì kan? Èmi mọ̀ ẹ́, o ò lè tọ́jú nǹkan." Mo ní mo ti gbà á, sà. Ó ní, "Ó dáa. Kí lo tún rí ṣe nílé yẹn, ju kó o jókòó ti Màmá lọ?"

Èmi tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀! Èmi tí mo ń fọ aṣọ, tí mo ń gbọ́únjẹ, tí mo ń sáré kiri ilé ìwòsàn! Bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ ilé wa, ojú mi ò ríran mọ́ nítorí ìbínú. Ìyá Rìsí ti lọ kírun. Fíríìjì onígíláàsì kún fọ́fọ́, àfi kí n máa yọ ìgò mínírà lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó ráàyè. Mi ò ní sùúrù ìyẹn. Mo ṣí fírísà, mo ju láílọ́ọ̀nù oògùn náà sáàárín píọ̀ wọ́tà. Mo ní tí Ìyá Rìsí bá dé, mo máa padà wá gbé e síbi tó yẹ.

Mo gbàgbé.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé a kì í mọ fírísà àdúgbò wa ni? Tó bá gbìyànjú, omi tútù lásán ló ń ṣe. Iná tí wọ́n ń mú wá ní wákàtí bíi mélòó kan, tí wọ́n á tún mú lọ, kò lè sọ nǹkan kan di yìnyín. Àfi ọ̀sẹ̀ yẹn! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n mú iná wá tí wọn ò mú un lọ mọ́. Gbogbo àdúgbò ń yọ̀. Èmi náà ń yọ̀, mò ń lọ aṣọ.

Ìgbà tí pẹ́ẹ̀nì tí Màámi ń lò fẹ́ tán ni mo tó rántí. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Láílọ́ọ̀nù náà ti lẹ̀ mọ́ píọ̀ wọ́tà, ọ̀bẹ ni mo fi yọ ọ́. Gbogbo pẹ́ẹ̀nì inú rẹ̀ ló ti dì gbagidi.

Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Mo tún rántí ohùn Bọ̀dá. Mo rò ó bó ṣe máa pariwo, bó ṣe máa pe àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kó wọn sínú abọ́ omi, mo gbé e sí fàráńdà. Nígbà tí wọ́n yọ́, mo gbé ọ̀kan sókè wò. Ó mọ́ gaara, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Mo wá ń sọ fún ara mi pé, ṣebí ọbẹ̀ tí a bá gbé sí fírísà, tí a bá ti yọ́ ọ, ọbẹ̀ náà là ń jẹ. Báyìí ni mo ṣe fi ọgbọ́n ìdáná tan ara mi jẹ. Mo yí nọ́ńbà, mo kà á sókè, Màámi ní ó péye.

Kò pẹ́ tí òùngbẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Màámi. Wọ́n ń mumi, wọ́n ń tọ̀, wọ́n ń rù. Àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ránṣẹ́ sí Bọ̀dá lórí Wasáàpù, nítorí bó ṣe ń tọ́jú ìyá rẹ̀ láti òkè òkun nìyẹn. Nọ́ńbà náà ń gòkè. Bọ̀dá pe Màámi. "Màmá, kí lẹ jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan tí wọ́n ní kí n má jẹ."

"Ìjẹ̀ṣà ni yín, Màmá. Iyán ni. Ẹ ti lọ jẹ iyán níbì kan."

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìjẹ̀ṣà ni wá, gbogbo ayé ló mọ bí àwa àti iyán ṣe jẹ́, Màámi sì ti ráhùn gidigidi nígbà tí dókítà ní kí wọ́n dín in kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà náà ò sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rín tán. Àbúrò Màámi kan pè láti Iléṣà, ó ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run. Òmíràn ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe ni, òwe ṣá! Kò sí ẹni tó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń tọ́jú oògùn. Iyán ti wà nílẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá kiri?

Bọ̀dá ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo fi sí i. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ló fi ẹ̀gún há ọwọ́. Màámi á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, obìnrin tó ti darí odindi ilé-ìwé, wọ́n á fi oríkì pè mí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi, omi ni mo fẹ́ mu." Omi ni lóòótọ́. Èmi ni mo mọ ìdí tí òùngbẹ fi ń gbẹ wọ́n.

Ó wá kan Ìyá Rìsí. Bọ̀dá ní bí ẹnì kan bá ń gbé iyán fún Màmá, kò lè kọjá obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn. Ó pè é, ó bú u bí ẹní bú ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá Rìsí gbọ́wọ́ lé orí, ó fi Ọlọ́run búra, ó sunkún. Ó ní kí a wá kó oògùn wa kúrò. Láti ìgbà náà, ẹran Iléyá kì í gòkè wá sọ́dọ̀ wa mọ́, ìrẹsì Kérésì náà kì í sì í sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dákẹ́.

Bàtà kan ló bó Màámi lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré ni. Kò jinná. Ó ń tóbi, ó ń rùn, títí a fi gbé wọn gba Costain lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn méjì.

Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n mí.

Nílé ìwòsàn, oògùn ibẹ̀ ni wọ́n ń gún fún Màámi, ṣúgà náà sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan ronú. Bọ̀dá ronú lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbé iyán fún wọn, ó wálẹ̀!" Gbogbo ẹbí mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mirí. Mo wálé, mo kó ìyókù pẹ́ẹ̀nì tó dì dà sínú ìdọ̀tí, mo wá owó ra òmíràn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń rà á torí a ò ní fíríìjì mọ́, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí Màámi délé, ṣúgà náà ò gòkè mọ́. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ìka tí wọ́n gé ló mú kí Màmá jáwọ́.

Ó yẹ kí ó tán síbẹ̀. Bọ̀dá ò jẹ́ kó tán. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu Màmá. Ó kó àwọn ẹbí jọ lórí fídíò, ó lóṣòó ti ìyá rẹ̀ bí òṣómàáló tó wá gbowó aṣọ, kò ní dìde àfi tó bá gbà á. Ó ní bí Màmá ò bá jẹ́wọ́, òun ò ní wálé wá wò wọ́n lọ́dún yìí, òun á sì wá ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn arúgbó, kí wọ́n lọ máa gbé ibẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Màámi ni mo jókòó sí. Wọ́n wo Bọ̀dá nínú fóònù. Wọ́n yíjú, wọ́n wò mí. Mo tẹ orí mi ba, mo ń wo bọ́ńdéèjì ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ pé ó wà lẹ́nu mi.

Màámi ní, "Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ iyán."

Àwọn ẹbí bi wọ́n pé ta ló gbé e fún wọn. Màámi ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn lọ rà á, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Ìyá Rìsí mọ́. Àwọn ẹbí ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ò kọ àgbà tó bá ronú pìwà dà. Bọ̀dá sunkún ayọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n la fóònù náà mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màámi kì í dìde lọ gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ mọ́. Tí gbogbo èèyàn bá ń tò lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n á jókòó sáyè wọn. Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wọn nílé, ó rò pé ẹsẹ̀ ni, ó ní òun lè gbé e wá bá wọn níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Wọ́n dúpẹ́, wọn ò sì gbà. Àwọn ẹbí ní ìtìjú ọ̀kánjúwà ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mò ń bá wọn bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mi ò jẹ iyán."

Mò ń bọ́ bàtà náà lọ.

"Mo purọ́ fún Délé kí ó lè wálé kí n fojú kàn án. Èmi tí mo nà yín tó bẹ́ẹ̀ nítorí irọ́. Mi ò lè fi ẹnu yẹn lọ gba ara Olúwa." Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí mo fi ń bọ́ bàtà náà. "Gbogbo wọn ló bi mí, ìwọ nìkan ni o ò bi mí rí. Ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mò ń gbé kiri nìyẹn. Mi ò bi wọ́n nítorí pé mo mọ̀. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà. Ẹ má sì sọ fún mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí, Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ̀dá ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí. Ṣé kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí, kí Ìyá Rìsí náà wà níbẹ̀, kí orúkọ Màámi lè mọ́? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Màámi nìkan? Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan tó gbà wọ́n gbọ́ rí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni wọ́n á tún na ọwọ́ sí láti gba pẹ́ẹ̀nì? Tí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á kú sórí irọ́ tí mo fi sí wọn lẹ́nu. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo ti bú ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo yí pẹ́ẹ̀nì náà, mo ka nọ́ńbà sókè. Màámi ní ó péye. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbà á. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò.